Ohun tí Mo Gbá Lọ́jọ́ Ajé

Èmi kì í jó. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́.
Ìgbálẹ̀ ni tèmi, àti bọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé
tí ẹnu rẹ̀ ti ya,
àti kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi wa ní Ìjẹ̀rù
tí mo so mọ́ etí ìró.

Aago mẹ́fà àárọ̀,
Ògbómọ̀ṣọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nujú,
ọyẹ́ dà bí èéfín lórí igi máńgòrò,
mo ṣílẹ̀kùn,
òógùn àná sì kí mi káàárọ̀.

Ẹni tí kò wá lánàá, kó wá wo ilẹ̀.
Ilẹ̀ kì í purọ́ fún agbálẹ̀.
Gìgísẹ̀ bàtà kan rèé, pupa,
ó dá dúró bí ọmọ tó sọnù:
ti Tinúadé ni, tó ń ka owó ní báńkì Tàkìé,
tó ń rìn jẹ́jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin,
tó sì ń di ìjì bí Ọjọ́ Ìsinmi bá ti mọ́.
Ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé kan. Pín-ìn-nì gèlè mẹ́rìnlá.
Yẹtí tí kò ní èkejì.
Igi ìlù òyìnbó tó ṣẹ́ sí méjì,
Dìẹ́kọ́lá ló ṣẹ́ ẹ,
ìdajì rẹ̀ ṣì gbóná, tàbí mo rò bẹ́ẹ̀.
Lọ́jọ́ Ajé ni mo ń kó ajé Ọjọ́ Ìsinmi.

Nígbà tí èmi dé ṣọ́ọ̀ṣì yìí
ìwé orin la fi ń bojú,
ẹsẹ̀ wa rì mọ́lẹ̀ bí igi kaṣú.
A fẹ́ràn Ọlọ́run nígbà náà, mi ò ní purọ́,
ṣùgbọ́n bí a ti í fẹ́ràn ọkọ níwájú àna:
ojú nílẹ̀, ọwọ́ lẹ́yìn.
Àwọn ọmọ yìí dé, wọ́n ń fò.
Wọ́n fò títí fáànù òkè fi ń mirí,
wọ́n fò títí jẹnẹrétọ̀ fi kú:
kíbọ́ọ̀dù dákẹ́, maikirofóònù dákẹ́,
àtẹ́wọ́ kọ̀, kò dákẹ́.

Díákónì Láníhun ti kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀,
ojú ìwé mẹ́ta gbáko,
pé ilé Ọlọ́run kì í ṣe pápá bọ́ọ̀lù.
Ẹ gbọ́, kí ni mo rí lẹ́bàá ìlù láàárọ̀ yìí?
Bọ́tìnnì ọrùn ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, aláwọ̀ wúrà,
tí wọ́n fín lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sí.
Láti àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé dé ibẹ̀,
ìṣísẹ̀ mọ́kànlélógún ni. Mo kà á.
Bọ́tìnnì kì í sì í rìn.
Mo fi bébà wé e, mo gbé e lọ fún un nílé.
Ó wò mí, mo wò ó.
“Níbo lo ti rí i?”
“Lábẹ́ àga yín ni, bàbá.”
Kí Ọlọ́run dárí irọ́ kékeré yẹn jì mí.
Mo fura pé Òun náà rẹ́rìn-ín.

Mo padà wá nu ilẹ̀.
Ibì kan wà níwájú, ibi tí wọ́n ti ń fò jù,
símẹ́ǹtì ibẹ̀ ti jẹ wọnú bí àwo pẹrẹsẹ.
Ìgbìmọ̀ ní àwọn yóò dí i kí Àjíǹde tó dé.
Mo bẹ̀ yín, ẹ fi í sílẹ̀.
Ibẹ̀ ni omi ń dúró sí bí mo bá nulẹ̀ tán,
ibẹ̀ ni mo ti ń rí ojú ara mi,
èmi tí ẹsẹ̀ mi ti gbàgbé ijó
láti alẹ́ tí Bàbá Oyèdìran sùn tí kò jí.
Lónìí mo ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ̀ ọ́.
Omi ta pàrà.
Mo wo ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́nì kan.
Mo ki òsì náà bọ̀ ọ́.